Òògùn Ipá Tó Sùn Nínú Ooru

Àpótí mẹ́rìnlá ni wọ́n bá nínú àká onípáànù tó wà lẹ́yìn ilé ìkóògùn-sí kan ní Dowa, ní Àjàṣẹ́. Òògùn ipá ló kún inú wọn, èyí tí wọ́n máa ń fi gún ẹni tí ìṣó bá gún lẹ́sẹ̀ lábẹ́rẹ́, kí ipá má baà mú un. Inú yàrá yìnyín ló yẹ kó máa gbé. Oṣù kẹta ọdún 1975 sì nìyí, tí oòrùn Àjàṣẹ́ ń ta lórí páànù bí ẹni ń yan ẹ̀pà. Inspẹ́kítọ̀ Soumanou gbé ọwọ́ lé ìgò kan, ó sáré ká a kúrò.

Èèyàn mẹ́ta ti kú ní Akpro-Missérété lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ tí ooru ti pa agbára rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìbídùn, tíṣà ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó tẹ ìṣó ní àgbàlá ilé ìwé. Ó dun Soumanou wọra. Òun náà ní ọmọbìnrin tó ń ṣe tíṣà.

Wọ́n ti mú ẹnì kan ná. Issiaka ni, ẹni tó ti ń ṣọ́ yàrá yìnyín láti ọdún mọ́kàndínlógún. Àwọn aṣojú ìjọba ní ọ̀tá Ìyípadà tí ìjọba ológun gbé dé ni, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba òògùn àwọn ará ìlú jẹ́. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí Kútọnu síwájú àwọn ṣọ́jà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí irú wọn ń padà. Ọjọ́rú ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lé Soumanou lọ́wọ́.

Kouboura, ìyàwó Issiaka, ti jókòó sẹ́nu géètì ilé ìkóògùn-sí náà láti àárọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ tèmi," ó ní. "Ọkọ mi tí kì í jẹ́ kí ìkòkò omi wa rí oòrùn, òun ló máa wá kó òògùn sábẹ́ páànù?"

Soumanou lọ bá Issiaka ní àtìmọ́lé.

"Mi ò fojú kan àpótí wọ̀nyẹn rí," Issiaka sọ fún un. "Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni alábàárù ń tẹ̀ lé. Bí ìwé ò bá dárúkọ yàrá yìnyín, wọn ò ní yà sọ́dọ̀ mi. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí òògùn ipá kẹ́yìn. Mo rò pé Kútọnu ni ò fi ránṣẹ́."

"Ẹ ò wá bèèrè?"

Issiaka wo ilẹ̀. "Lásìkò tí a wà yìí, ọ̀gá, ẹni tó bá bèèrè ohun tí kò sí, wọ́n á ní ó ń bú ìjọba."

Soumanou padà sí Dowa. Òkunọlá, akọ̀wé àgbà tí kì í pa ìsìn Mẹ́tọ́díìsì jẹ, ló ń tọ́jú ìwé ńlá kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ìwé Ẹbí. Ọwọ́ bàbá náà ń gbọ̀n bó ti ń ṣí i.

"Gbogbo ohun tó ń wọ ilé yìí ló ní ojú ewé tirẹ̀," ó ní. "A kọ irú ohun tó jẹ́ àti ẹbí tó ti wá. Ẹbí Yìnyín wà fún yàrá yìnyín, Ẹbí Gbígbẹ wà fún àká onípáànù. Ohun tí ẹbí bá ń ṣe ni ọmọ rẹ̀ á máa ṣe: ibi tí wọ́n ń sùn, kámíọ̀n akẹ́rù tí wọ́n ń wọ̀, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé wọn. Inú rẹ̀ la ti ya àtẹ iṣẹ́ tó wà lára ògiri yẹn. Inú rẹ̀ náà ni Théophile, ọmọ yàrá ẹ̀rọ, ti ń lu ihò sára káàdì, kí ẹ̀rọ lè kà á, kó sì tẹ ìwé fún alábàárù. Bí ìwé, àtẹ àti káàdì bá ti fẹnu kò, iṣẹ́ ń lọ dáadáa."

"Bí wọn ò bá fẹnu kò ńkọ́, bàbá?"

"Torí ìyẹn la ṣe ń kọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ á dárúkọ ẹbí rẹ̀, ẹbí náà á ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti káàdì. Ẹni tó bá yí ọ̀kan tó gbàgbé èkejì, ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Oṣooṣù la máa ń yẹ̀ wọ́n wò. Àmọ́ láti ìgbà tí ìpàdé òṣèlú ti gba ọ̀sán wa, a ò ráyè mọ́."

Nínú yàrá ẹ̀rọ, Théophile wọ aṣọ dúdú. Òun ni ọ̀gá ẹ̀rọ káàdì, òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n Ìbídùn. Soumanou kí i kú ọ̀fọ̀. Ó kàn mi orí, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó fa káàdì òògùn ipá yọ kí wọ́n tó ní kó fà á yọ.

"Ẹ wò ó, Kámáráàdì Inspẹ́kítọ̀. Ẹbí Yìnyín. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Issiaka ló pa àbúrò mi."

Soumanou yẹ káàdì náà wò. Ó funfun nini, bẹ́ẹ̀ eruku ọyẹ́ ti pọ́n gbogbo àwọn tó tò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí ló dé tí èyí fi jẹ́ tuntun?"

"Ti àtijọ́ ló ya."

Inspẹ́kítọ̀ náà ti yàrá náà pa, ó fi ọlọ́pàá ṣọ́ ọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó pe Théophile àti Òkunọlá jọ síwájú ẹ̀rọ.

"Théophile, jẹ́ kí ẹ̀rọ ka gbogbo ọmọ Ẹbí Gbígbẹ fún mi."

Ọwọ́ Théophile dúró lórí àpótí káàdì. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣáà jẹ́ kó kà á."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, bébà ń jáde. Òkunọlá ń kà á sókè: báńdéèjì, òwú, kiníìnì oníhóró. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí ìlà tó kàn. Òògùn ipá ló tẹ̀ lé e.

"Káàdì ọmọ ní inú Ẹbí Yìnyín lòun wà," Soumanou wí. "Káàdì ẹbí ní inú Ẹbí Gbígbẹ ni. O tún ọ̀kan ṣe, o gbàgbé èkejì. Issiaka ò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí. Bàbá ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n ò lè lu ihò káàdì. Ó ku ìwọ. Alábàárù tẹ̀ lé ìwé tí ẹ̀rọ rẹ tẹ̀, wọ́n gbé àpótí lọ sábẹ́ páànù, Issiaka ò sì mọ nǹkan kan."

Théophile jókòó.

"Ẹbí Yìnyín gbọ́dọ̀ dúró de ọkọ̀ yìnyín. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó dé. Àwọn aṣojú ń pariwo pé a ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ìbídùn náà ń yọ mí lẹ́nu: 'Bùrọ̀dá, òògùn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa, ẹsẹ̀ lásán làwọn ọmọ wa fi ń rìn.' Mo bá gbé òògùn ipá sínú Ẹbí Gbígbẹ, kó lè bá kámíọ̀n ọjọ́ Ajé lọ. Kámíọ̀n nìkan ni mo rò. Mi ò rántí pé ohun tó bá wọ ẹbí, ibi tí ẹbí ń sùn lòun náà á máa sùn."

"Ìgbà wo lo wá mọ̀?"

"Níbi ìsìnkú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Akpro sọ pé ìgò náà gbóná lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ tó dé. Mo sáré padà síbí, mo lu káàdì tuntun."

"Issiaka ńkọ́?"

"Mo rò pé wọ́n á kàn bá a wí ni. Nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé, mi ò lè la ẹnu mi mọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé èmi ni mo pa Ìbídùn? Ṣé ìyá wa?"

Òkunọlá yí ojú sí ògiri, ó ń fi aṣọ nu ojú. Théophile bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kóun tún káàdì kejì ṣe kóun tó bá wọn lọ. Soumanou gbà fún un, ó sì dúró tì í títí ihò tó kẹ́yìn fi dá sí i.

Bí wọ́n ṣe ń mú Théophile wọ komisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Issiaka ń jáde, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Kouboura tó wá mú un lọ sílé rí Théophile, ó la ẹnu láti ṣépè, nítorí wọ́n ti sọ ohun tó ṣe fún àwọn méjèèjì. Issiaka na ọwọ́, ó dá a dúró, ó sì lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Théophile, kété tí ẹ sin Ìbídùn ni wọ́n tì mí mọ́lé, mi ò ráyè wá kí ọ," ó ní. "Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o tún fojú sunkún àbúrò mọ́."

Théophile, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí omi lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kú, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà komisáríà, ó bú sẹ́kún. Ọlọ́pàá fẹ́ fà á dìde. Soumanou ní kó fi í sílẹ̀ ná.