Irin Tí Kò Tètè Ṣẹ́

Obìnrin kan kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ní oríta Iba, ó ń fi ìka tọ ojú irin tó kán lábẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá bí ẹni ń wo egbò. Dọ̀tun, tó ni kẹ̀kẹ́, dúró tì í. Obìnrin náà rẹwà, ṣùgbọ́n irin nìkan ló ń wò.

"Àǹtí, èmi ni ìyà ń jẹ o. Ẹ wo èmi náà díẹ̀."

"Ẹ ní sùúrù. Ẹrù ń tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì ń lọ́ ọ. Ì bá fara da ọ̀kan. Méjèèjì pọ̀ ló pa á."

Bámikẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Iṣẹ́ tí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni pé kó máa fi ẹ̀rọ tẹ irin, kó sì máa lọ́ ọ pọ̀, títí àárẹ̀ yóò fi mú un tí yóò ṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, Dọ̀tun ń dúró dè é ní géètì, láti gbé e lọ sílé ní Okokomaiko.

"Ó ti ṣẹ́?"

"Kò tíì ṣẹ́."

"Irin wo ló lágídí tó báyìí?"

"Èyí tó jọ ọ́, olówó orí mi."

Nígbà tí Dọ̀tun lọ tọrọ Bámikẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Bàbá Ṣọlágbadé kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Àyọ̀ká gba ìlérí lọ́wọ́ mi kó tó kú. Bámikẹ́ kò ní relé ọkọ láìparí ẹ̀kọ́. Má pààrà ilé mi mọ́ títí irin yín yóò fi ṣẹ́."

Irin kan péré ló kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, iná á lọ. Olùkọ́ rẹ̀ á sì ní irin tó bá ti sinmi láàárín ìdánwò, èsì rẹ̀ kò ṣe é gbà gbọ́, kó mú òmíràn, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Iná tún lọ.

Ó sú Dọ̀tun. "Fi òòlù fọ́ ọ jàre! Ta ni yóò mọ̀?"

"Ojú ibi tó ti ṣẹ́ yóò sọ ọ́." Bámikẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Dọ̀tun gbé jẹnẹrétọ̀ tó yá ní Àlàbá wá síbi iṣẹ́ Bámikẹ́ ní yunifásítì. "Mo wá bẹ irin," ó ní. "Mo wá bẹ ìwọ náà."

Bámikẹ́ fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu.

Ẹ̀rọ ń yí. Nígbà tó di ọ̀sán, Bàbá Ṣọlágbadé wá bá wọn níbẹ̀, ojú rẹ̀ le. "Irin wo ló ń da ilé mi rú yìí?" Ó fa àga, ó jókòó. Wọ́n jókòó ti irin náà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Kà! Ó ṣẹ́.

Bàbá mú ìlàjì kan, ó yí i wò títí. "Àyọ̀ká," ó ní jẹ́jẹ́, "ó ti ṣẹ́ o."

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Dọ̀tun. "Kí lo tún jókòó ń wò? Lọ pe àwọn ẹbí rẹ wá!"