Gbẹ̀rẹ̀fútù Àárín Kòtò

Igi gbẹ̀rẹ̀fútù kan hù láàárín kòtò náà, kò sì yẹ kí ó hù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Nígbà tí àwọn tó ń wa bọ́ksáìtì dé òkè yẹn ní Jàmáíkà, wọ́n kọ́kọ́ fá erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì wa ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀, tí í ṣe bọ́ksáìtì gan-an, lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n da erùpẹ̀ náà padà sínú kòtò, wọ́n gbin koríko sí i. Omi òjò dá ọ̀gọ̀dọ̀ sílẹ̀, àkèré dé. Ẹyẹ gbé hóró gúáfà wá, gúáfà hù. Ṣùgbọ́n gbẹ̀rẹ̀fútù ibẹ̀ kò ní hóró tí ẹyẹ lè gbé. Ara gbòǹgbò ló ti ń rú.

Mísì Ionie mọ gbòǹgbò tó ti wá. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó bí ọkùnrin kan. Ó ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí gbẹ̀rẹ̀fútù kékeré lẹ́yìnkùlé, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀, kí igi náà lè jẹ́ ti ọmọ. Ọmọ náà kú kó tó ní orúkọ. Ìdí igi kan náà ló sin ín sí. Nígbà tí àwọn awakùsà fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé náà, tí wọ́n ń kó òkú àdúgbò lọ sí ibojì tuntun, wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ títí, wọn kò rí nǹkan kan. Egungun ọmọ tuntun a máa tètè di erùpẹ̀.

Gbogbo aládùúgbò ṣí lọ. Mísì Ionie nìkan ló kù létí kòtò. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó má gbọ́ ohùn ara rẹ̀, àfi tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Màasì Lebert bá da ewúrẹ́ kọjá.

"Mísì Ionie, ọ̀la mà ni Novelette ọmọ yín ń bọ̀ wá mú yín lọ sí Kingston. Ṣé ẹ ti di ẹrù?"

"N ò lọ síbì kankan. Ṣé kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ fún ìwọ àti àwọn ewúrẹ́ rẹ ni?"

"Ewúrẹ́ mi kẹ̀? Èyí tó jẹ fìlà mi lánàá, kò jẹ́ fẹnu kan ewé igi yẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ẹni tó wà láàyè ni kí ẹ tẹ̀ lé."

"Novelette ní ọkọ, ó ní ọmọ. Ta ni èyí ní?"

Ohun kan wà tí kò sọ fún un. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ó máa ń rí ipa ẹsẹ̀ pupa lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Nígbà tí igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹsẹ̀ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni. Igi ń ga, ẹsẹ̀ ń tóbi. Láàárọ̀ yẹn, ó ki ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ ọ̀kan. Àyè ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ kejì, ìkùukùu kún kòtò bí ògì inú igbá. Mísì Ionie ń po tíì kòkó tó fẹ́ mu nígbà tí ohùn kan pè é láti ìsàlẹ̀.

"Màmá."

Ohùn àgbà ọkùnrin ni. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ọmọ òkè yẹn tí kò mọ̀ ọ́n: alààyè lè pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹta, òkú kì í kọjá ẹ̀ẹ̀mejì. Má dáhùn títí wàá fi gbọ́ ẹ̀kẹta.

"Màmá." Ó ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn báyìí.

Ó dúró. Omi ń kán láti orí páànù. Ẹ̀kẹta kò wá. Ó mọ̀ pé kò ní wá láé, àti pé ní Kingston, kò ní gbọ́ ẹ̀kíní pàápàá mọ́.

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi," ni ó wí.

Nígbà tí Màasì Lebert mú Novelette dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, tíì kòkó ṣì ń rú èéfín.

"Ìyá yìí! Mo ní kó jókòó sójú kan!"

Màasì Lebert bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Ipa ẹsẹ̀ ènìyàn méjì ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú kòtò. Ti ọkùnrin tóbi nídìí àtẹ̀gùn. Bí wọ́n ti ń tẹ̀ lé e, ó ń kéré sí i: ó di ti ọ̀dọ́, ó di ti ọmọdé, ó di ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Lẹ́yìn náà, ó pòórá. Ti Mísì Ionie nìkan ló kù, ó sì rì wọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹsẹ̀ ẹni tó gbé nǹkan mọ́ra. Ó dé ìdí gbẹ̀rẹ̀fútù. Kò kọjá ibẹ̀.

"Novelette." Ohùn ìyá rẹ̀ ni, láti inú ewé.

Ó la ẹnu. Màasì Lebert fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Novelette."

Àkèré inú ọ̀gọ̀dọ̀ dákẹ́. Àwọn méjèèjì dúró de ẹ̀kẹta.