Ẹni Tó Làágùn Lọ́jọ́ Òjò

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 2024, Bàbá Oyèkúnlé kú lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlaró. Aago méjìlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àtọ̀gbẹ àti egbò ẹsẹ̀ ló gbé àgbẹ̀ ará Ìlóbì náà wá. Kò sí èyí tó yẹ kó pa á lọ́jọ́ yẹn nínú méjèèjì.

Toheebat ló gún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ó wà nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀: ínsúlínì, yúníìtì mẹ́jọ, aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni. Ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà.

"Ọlọ́pàá ń bọ̀ láago méjì," ni Mátíróònù Jemima wí. "Bí o bá mọ nǹkan kan, wá a jáde báyìí. Tí wọ́n bá ti gbé ọ sínú mọ́tò, ẹnu mi ò ní tólẹ̀ mọ́."

Ọkàn Toheebat ń sọ fún un pé, bóyá ìwọ lo pa á lóòótọ́.

Modinat, ọmọ olóògbé, jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìgò oníke kan mú. Nọ́ọ̀sì Gideon, tó jẹ́ àgbà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ yẹn, na ìka sí i.

"Àgbo nìyẹn, Mà. Mo kìlọ̀ fún wọn títí."

Toheebat kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bàbá mu nínú rẹ̀?"

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ? Apààyàn!" Modinat ju ìgò náà sí i lẹ́sẹ̀. Ó kún dé ọrùn. Òwú tí wọ́n fi di ọ̀rá mọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní kókó. "Ta ló ráyè mu àgbo? Láago mẹ́wàá, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń làágùn títí aṣọ fi rin. Mo pe bùrọ̀dá yìí, ó ní ooru ni."

Toheebat wo ojú fèrèsé. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Súwẹ́tà wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè yìí wà nínú ìwé ìdánrawò rẹ̀: ẹni tó gba ínsúlínì ń làágùn, ó ń gbọ̀n, kí lo máa ṣe? Wọn ṣúgà rẹ̀. Fún un ní ṣúgà kíá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dáhùn rẹ̀ láìṣì í. Ṣùgbọ́n kò sí lọ́dọ̀ Bàbá láago mẹ́wàá. Láago mẹ́sàn-án ni Gideon ti rán an lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin.

"Mo wọn ṣúgà bàbá láago mẹ́wàá," ni Gideon wí. "140. Kò sí ewu níbẹ̀. Ẹ wò ó nínú ìwé."

"Ta ló fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́?" ni Mátíróònù bi í.

"Òun ni." Gideon nawọ́ sí Toheebat.

"Bùrọ̀dá Gideon! Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ ní ínsúlínì kan ló kù nínú iye abẹ́rẹ́ tí ìwé iṣẹ́ mi ń béèrè kí n tó ṣe ìdánwò, kí n gún un kí ẹ lè fọwọ́ sí i."

"Ẹ ò rí ọmọ yìí? Oore tí mo ṣe ọ́ nìyẹn?"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Àgbà á fà, ọmọ ẹ̀kọ́ á gún, ìwé á kún.

Toheebat wọ ìbọ̀wọ́, ó tú páálí tí wọ́n ń da abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sí. Kò sí abẹ́rẹ́ ínsúlínì kékeré kankan níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ńlá kan ló ń rùn bí ínsúlínì, òórùn bí ti ìsáàlì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́. Ìlà kẹjọ lórí abẹ́rẹ́ kékeré jẹ́ yúníìtì mẹ́jọ. Ìlà kẹjọ lórí èyí jẹ́ ọgọ́rin yúníìtì, ìlọ́po mẹ́wàá.

"Ẹ ò rí i? Kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì," ni Gideon wí.

Toheebat nawọ́ sí ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí tábìlì. "Mà, ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà yẹn máa ń tọ́jú gbogbo ohun tó bá wọ̀n."

Mátíróònù tẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin: 38, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ débi tó lè pa ènìyàn.

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. 38 náà ni.

"Gideon, o rí i. O sì kọ 140."

Gideon fara ti ògiri. "Abẹ́rẹ́ kékeré ti tán. Òjò ń rọ̀, sítọ́ọ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Mo ní kí n yára. Ìgbà tí mo rí 38 ni mo tó mọ ohun tí mo fà." Ó bojú. "Lẹ́tà iṣẹ́ ìjọba mi ti jáde, Mà. Bí mo bá pè yín, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ náà á sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ẹ̀kọ tí Bàbá mu máa gbé ṣúgà wọn sókè."

"Omi ṣúgà wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ," ni Mátíróònù wí.

Láago méjì, ọlọ́pàá dé.

Wọ́n mú Gideon lọ. Ilé ẹ̀kọ́ yọ orúkọ Toheebat kúrò nínú ìdánwò, nítorí ó gún abẹ́rẹ́ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ó pàdánù ọdún kan. Modinat pàdánù bàbá rẹ̀.