Sòkòtò Fún Ẹṣin

Ọjọ́ tí Wendell Pruitt kọ́kọ́ wọ ilé ìtẹ̀wé ìròyìn wa ní Ohio, yíǹkì ti ba apá ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́. Èmi ni mo máa ń to lẹ́tà fún ẹ̀rọ nígbà náà, láwọn ọdún tí òfin de ọtí. Ó na ìwé sí mi.

"Ìtàn kúkurú ni. Bí ẹ ò bá rẹ́rìn-ín, màá gbé e padà sílé."

Ìtàn ìlú kan ni, níbi tí wọ́n ti ní ìhòòhò ẹsẹ̀ ẹṣin kò yẹ lójú ọmọlúàbí, tí wọ́n wá rán sòkòtò fún gbogbo ẹṣin. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mọ ìlú náà, tiwa ni. Funfun la kun gbogbo ilé níbí, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a bá sì sá sóòrùn, àárín aṣọ ibùsùn méjì la ń fi í pamọ́ sí.

"Orúkọ ta ni ká kọ sí i?"

"Ẹ má kọ orúkọ kankan. Mo ṣì fẹ́ máa gbé ìlú yìí."

"Nítorí kí ni?"

"Láti òní lọ, nítorí yín ni."

Kí oṣù tó tán, mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé góńgó. Ṣùgbọ́n Màámi ni alága Ẹgbẹ́ Ìwà Mímọ́. Ọmọbìnrin kì í relé ọkọ nílùú wa láìsí kúbùsù alábùlẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ rán. Tèmi ti dé ìdajì, Màámi sì ti búra pé òun ò ní parí rẹ̀ fún ẹni tó ń fi èèyàn ṣẹlẹ́yà bíi Wendell.

Ìwé ìròyìn jáde ní Ọjọ́bọ̀. Màámi ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Orpha, ìlú wo lèyí? Àwọn èèyàn yìí mà gbọ́n o."

Mo rò pé àwàdà ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹgbẹ́ ti ra aṣọ funfun: gbogbo ẹṣin tó bá máa wọ́de lọ́jọ́ òmìnira gbọ́dọ̀ wọ sòkòtò. Nígbà tí wọ́n ń dìbò lé e, ìyàwó pásítọ̀ ò fẹ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìyàwó dókítà nawọ́, lòun náà bá nawọ́. Ìyàwó dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyàwó pásítọ̀ lòun ń wò.

"Bí mo bá mọ ẹni tó kọ ọ́," ni Màámi wí, "mi ò ní fi ọmọ mi dù ú."

Mo sáré lọ pe Wendell wá jẹun nílé wa. "Olólùfẹ́ mi, ṣáà jẹun, má sì sọ fún un pé yẹ̀yẹ́ ni. Ó ti bọ́ sí i."

Ó wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Màámi bu itan adìẹ fún un. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Mà, èmi ni mo kọ ọ́. Àmọ́ yẹ̀yẹ́ ni, àwa gan-an ni mo ń fi ṣe. Mi ò fẹ́ fi irọ́ wọlé yín."

Màámi dìde. Ó ká kúbùsù mi sínú àpótí, ó sì tì í. Mo sunkún dé ẹnu ọ̀nà.

"O ò bá ti dákẹ́."

"Tí mo bá dákẹ́ lónìí, Orpha mi, màá máa dákẹ́ títí ayé. Ṣé irú ọkọ tóo fẹ́ nìyẹn?"

Mo nu ojú mi, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Lọ́jọ́ òmìnira, Màámi fúnra rẹ̀ ló fa ẹṣin wa síwájú ìwọ́de. Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni sòkòtò ti já bọ́. Ẹṣin dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kálukú ń wo ẹnu ẹnìkejì rẹ̀. Wendell náà fọwọ́ bo ẹnu, nítorí tèmi.

Màámi wo ẹṣin, ó wo gbogbo wa, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ìgbà náà ni gbogbo ìlú tó bú sẹ́rìn-ín.

"Pruitt," ó pè é, "wá tú nǹkan yìí. Ìwọ lo dá a sílẹ̀."

A ṣègbéyàwó nínú oṣù kẹsàn-án. Màámi tẹ́ kúbùsù mi sórí ibùsùn wa, ìdajì rẹ̀ jẹ́ funfun, bọ́tìnnì kan ṣì wà lára rẹ̀.

"Aṣọ dáadáa ni," ó ní, "mi ò lè sọ ọ́ nù."

Ogójì ọdún rèé, sòkòtò ẹṣin lèmi àti ọkọ mi ṣì ń bora sùn.