Irun Tí A Kò Tíì Dì Tán

Bí ènìyàn bá ti jókòó sórí àpótí onídìrí, tí wọ́n sì ti di apá kan orí rẹ̀, kò sí ibi tí ó tún lè lọ. Gbogbo ohun tí onídìrí bá ní láti sọ ni yóò gbọ́. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó sì ń gbádùn rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Rédíò. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, yóò wọ aṣọ akọrin, yóò dúró níwájú, yóò sì gbé ohùn sókè sí Jésù tí kò bá sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ní ẹ̀sìn, kò ní Olúwa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó rí pásítọ̀ ìjọ wọn tí ó ń yára jáde láti ẹ̀yìnkùlé Tíṣà, obìnrin kan nínú ìjọ tí ó ń dá gbé. Ṣẹ́ẹ̀tì pásítọ̀ tutù rinrin. Ohun tí Rédíò rí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò kí i, kò sì bi í pé kí ló dé.

"Mi ò sọ nǹkan kan o," ló wí fún ẹni tí ó kọ́kọ́ di irun fún lọ́jọ́ náà, "ṣùgbọ́n ojú mi yìí ló rí i." Nígbà tí yóò fi kan ẹni tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ ti ń de bọ́tìnnì. Kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù, pásítọ̀ ti sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọ̀rọ̀ náà ń gùn sí i bí irun tí wọ́n ń so mọ́ irun, títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́.

Ó dé etí àwọn alàgbà. Wọn kò bò ó mọ́lẹ̀, wọn kò sì kàn gbé e mì. Àgbà wọn dìde nínú ìjọ.

"Bí pásítọ̀ wa bá ṣẹ̀, a ò ní bá a fi pamọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n 'wọ́n ní' kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá fojú ara rẹ̀ rí nǹkan, kó wá sọ ọ́ lójú pásítọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀."

Wọ́n ní kí pásítọ̀ má wàásù títí dìgbà náà.

Ọkàn Rédíò kò balẹ̀ mọ́. Bí ó bá jáde, kí ni yóò wí, ṣẹ́ẹ̀tì tútù? Bí ó bá sì dákẹ́, gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ ni yóò nàka sí i. Nígbà tí ó di ọ̀sán Sátidé, ó di báàgì rẹ̀, ó ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní ìlú mìíràn. Ibi tí ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni ìyàwó pásítọ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìjọ, ti wọlé.

"Jọ̀ọ́, bá mi di irun yìí. Mi ò fẹ́ rí játijàti lójú wọn lọ́la."

Àwáwí wo ni yóò ṣe? Ìyá Ìjọ jókòó, ó kọjú sí dígí. Rédíò ya irun, ó ń dì í. Wọ́n dé ìdajì orí kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà á ti gbọ́. Páìpù omi ló bẹ́ nílé ìdáná Tíṣà lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ni Tíṣà bá sáré wá pè wá. Ọkọ mi ń dí páìpù, èmi ń gbọ́n omi. Ìgbà tó jáde lọ mú irinṣẹ́, mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú omi. A sọ ọ́, wọ́n ní ọkọ mi ni mò ń bò. Tíṣà kò lè jáde nílé mọ́."

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Rédíò. Ojú wọn pàdé nínú dígí.

"Ìwọ ni," ni Ìyá Ìjọ wí.

Rédíò wo ilẹ̀kùn, ó wo báàgì, ó wo irun tó ṣì dì mú lọ́wọ́. Kò lè fi í sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbà á láti máa dì í. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pariwo."

"Mi ò ní pariwo. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n parí irun mi. Má fi mí sílẹ̀ láàbọ̀."

Ó ń dì í, omijé ń bọ́. "Bí mo bá sọ òótọ́ lọ́la, ayé mi bàjẹ́ nìyẹn."

"Ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, arábìnrin mi, àwọn ènìyàn ni kò tíì mọ̀. Jésù kú fún ẹlẹ́nu bíi tìrẹ náà. O ti ń kọrin fún un tipẹ́. Ṣé o ti bẹ̀ ẹ́ rí?"

Kò bẹ̀ ẹ́ rí.

Nígbà tí Ìyá Ìjọ lọ tán, Rédíò jókòó sórí àpótí tí àwọn ẹlòmíràn máa ń jókòó sí. "Jésù, mi ò ríbi sá sí mọ́. Mo purọ́ mọ́ ọmọlàkejì mi. Dárí jì mí, gbà mí." Ojú ṣì ń tì í, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó tú báàgì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò wọ aṣọ akọrin. Ó dúró níwájú pásítọ̀ àti Tíṣà, ó ní, "Ṣẹ́ẹ̀tì tútù ni mo rí. Ìyókù, èmi ni mo so ó mọ́ ọn." Pásítọ̀ padà sórí pẹpẹ. Tíṣà kò wo ojú Rédíò, kò sì pẹ́ tí ó fi kó kúrò ládùúgbò. Rédíò ń lọ láti ilé oníbàárà kan dé òmíràn láti tú ohun tó dì, àwọn kan kò sì gbà á gbọ́ títí dòní. Ọlọ́run ti dárí jì í, síbẹ̀ ó ń sunkún nítorí Tíṣà.

Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ "wọ́n ní" lórí àpótí rẹ̀ báyìí, yóò dáwọ́ dúró. "Ṣé o rí i? Bó o bá rí i, jẹ́ ká parí irun yìí, ká jọ lọ bá àwọn alàgbà. Bí o kò bá rí i, yéé sọ ọ́ fún mi."

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Orúkọ ta ló gba ẹnu rẹ kọjá lọ́sẹ̀ yìí? Ta ni kò lè jáde nílé nítorí ohun tí ìwọ kò rí? Má wí pé gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́. Ìwọ nìkan ni Ọlọ́run yóò bi léèrè ohun tí ìwọ sọ, kò sì sí ìlú mìíràn tí o lè sá lọ.

Tú báàgì rẹ. Ibi tí o wà yẹn náà ni kí o ti ké pe Jésù, lónìí, kí ọjọ́ tó lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí rẹ bí ọwọ́ onídìrí. Má dìde láàbọ̀.