Ọtí Tí Kò Rùn

Mo ń lọ ṣòkòtò olùkọ́ kan lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ọmọ mi já wọ ṣọ́ọ̀bù láìwọ bàtà. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ni, ti àbíkẹ́yìn mi. Èmi ni mo máa ń di áyọ́ọ̀nù mú, lórí ìjókòó, nítorí ìdí tí Ọlọ́run fún mi kì í ṣe ti ènìyàn tó ń dúró ṣiṣẹ́.

"Ìyá àgbà, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sùn, kò jí mọ́."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ọmọ obìnrin tín-ín-rín kan tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ.

"Ṣé ó mu ọtí ni?"

"Rárá, ìyá. Mo gbóòórùn ohun tó mu. Kò sí ọtí níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a ti wá, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Orí òkè ni wá. Lọ́dọ̀ wa, ọtí kì í sá pamọ́. Oníkálukú ń pọn tirẹ̀, àgbà ló ń bù ú, gbangba ni wọ́n sì ti ń mu ún. Ẹni tó bá yó, òórùn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mu àmuyó lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àgbá omi, ó ń kí i ní ìyá ìyàwó òun. Mo bínú gan-an. Ìyá mi kò sanra tó bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ló jọ àgbá.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni àwa ará òkè fi ń tọ́ ọmọ nípa ọtí. Àkọ́kọ́, fi imú tọ́ ohun tí wọ́n bá gbé fún ọ wò kí o tó fi ẹnu tọ́ ọ. Èkejì, ẹni tó bá yó, ẹ jẹ́ kó sùn, oorun ni oògùn ọtí.

Nígbà tí a ṣí wá sí ìsàlẹ̀ létí omi, mo wo ọ̀nà títí, n kò rí ọ̀mùtí kan. Kò sẹ́ni tó ń kọrin kiri, kò sẹ́ni tó ń bá ewúrẹ́ jà. Mo ní, "Àwọn ará ibí yìí mà mọ́ o, bí aṣọ tí o fọ̀."

Àbíkẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ má tíì yìn wọ́n. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ìgò jókòó síta."

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń po oògùn ikọ́ olómi àti hóró oògùn mọ́ ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á sì máa mu ún lójú ìyá wọn. Kò rùn. Kì í mú wọn pariwo. Bẹ́ẹ̀, kò di dandan kí ohun tó ń pani pariwo kó tó pani.

Ọ̀la ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni ìdánwò ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ọmọ mi. Òun, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti ọmọ méjì mìíràn jókòó sí kíláàsì kan tó ṣófo lọ́sàn-án, wọ́n ń kàwé. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kòmándà, yọ ìgò ẹlẹ́rìndòdò ọsàn tútù kan jáde.

"Ẹ gbà. Ìṣirò á wọlé wẹ́rẹ́."

Ọmọ ọmọ mi gbé ìgò náà sí imú. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ará Òkè, ṣé ajá ni ẹ́ ni?" Kòmándà ní. "Ọlọ́pàá ló yẹ kó gbà ẹ́ síṣẹ́."

Òórùn ọsàn nìkan ló gbọ́. Kò sì fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ará oko. Ó mu díẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó korò, ó gbé e sílẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ìgò náà, ó dà á sọ́fun títí ó fi tán.

Kò pẹ́ tó fi orí lélẹ̀ lórí ìwé rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀. Wọ́n jí i, kò jí.

Kòmándà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, á sùn ún tán. Ẹni tó bá sọ fún àgbàlagbà kan, gbogbo wa ló sọ nù. Wọ́n á lé wa kúrò nínú ìdánwò."

Ẹ wò ó, ó rọrùn fún ọmọ ọmọ mi láti gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wí nílé wa, pé kí ẹ jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n ó wo ètè ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó ti ń dà bí eérú. Ó mú ìgò náà àti páálí oògùn tí Kòmándà jù sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì sáré wá bá mi.

Èmi àgbà náà ńkọ́? Lẹ́yìn ìbéèrè mi nípa ọtí, ohun tí mo sọ ni, "Jẹ́ kó sùn. Oorun loògùn rẹ̀."

Ọmọ tí kì í gbé ohùn sókè sí mi gbá etí ìró mi mú. "Ìyá àgbà, oorun ibí kọ́ ni oorun ilé. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú."

Mo pa áyọ́ọ̀nù. Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin da aṣọ oníbàárà kúrò nínú ọmọlaǹkẹ́, ó ń tì í lọ. Mo sáré. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ mi ń lọ síwájú, ìdí mi ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, àyà mi ń lọ síbi tó wù ú, ṣùgbọ́n gbogbo wa pàdé lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Kòmándà ti sá lọ. Ọmọ kẹrin dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún. A gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sínú ọmọlaǹkẹ́, a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.

"Kí ló mu?" ni nọ́ọ̀sì bi wá.

Ọmọ ọmọ mi fi páálí oògùn náà pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá," ó ní. "Tí mo bá mọ ohun tó mu, màá mọ ohun tí màá fún un."

Ọmọ ọmọ mi wò mí. Mo mọ ohun tó wà lójú rẹ̀: ìdánwò rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, nítorí ẹnu tirẹ̀ ló yẹ kí òótọ́ náà ti jáde.

"Oògùn ikọ́ ni wọ́n pò mọ́ ọn, àti hóró yìí. Páálí rẹ̀ nìyí." Ó nà án sí nọ́ọ̀sì. "Èmi náà mu díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gba páálí, ó sáré wọlé.

Ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, onídìrí ni, dé pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́. Ó kàn ń wí pé, "Ọmọ mi kì í mutí. Ọmọ mi kì í mutí."

"Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi," ni mo dá a lóhùn. "Kò mutí."

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọmọ náà lajú. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni ìdánwò. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Dókítà ní ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ kó sùn bẹ́ẹ̀ ni, kì bá tí mí mọ́ kó tó di alẹ́.

Dókítà dá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti ọmọ ọmọ mi dúró sílé ìwòsàn, ìdánwò ìṣirò kọjá lórí wọn. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n á tún un ṣe. Bàbá Kòmándà fúnra rẹ̀ fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì ti ń gba ìtọ́jú. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan sọ ọmọ ọmọ mi ní Aṣòfófó. Ó sunkún títí. Mo ní, "Wọ́n ń pe èmi ní Àgbá láti ọjọ́ tí a ti dé òpópónà yìí. Mo ṣì ń jẹun."

Onídìrí wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. "Ìyá, kí ni mo lè fi dúpẹ́?"

"Irun orí mi nìyí, dì í."

Ó ṣí gèlè mi, ó wò títí. "Ìyá, níbo ni irun náà wà?"

Bí a ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àwọn oníbàárà rò pé a ti mu nǹkan ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kà á, bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewu: ó ń pààrọ̀ aṣọ láti ìlú dé ìlú. Ẹ má mu ohun tí ẹ kò mọ, ì báà rùn, ì báà má rùn, ẹni yòówù kó fi yín ṣẹ̀sín. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sì mu ún, tó ṣubú, ẹ má fi í sílẹ̀ fún oorun. Ẹ ké sí àgbà, kí ẹ sì sọ òótọ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi náà ti dàgbà, n kò sì fara mọ́ ọn. Ẹ̀sín á wá, á jókòó, nígbà tó bá sú u á dìde lọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọmọ ọmọ mi yan ẹ̀sín, nítorí rẹ̀ ni ìyá kan ṣe ń rí ọmọ rẹ̀ jí láràárọ̀.