Ohùn Wùnmí Nínú Ẹ̀rọ Bádé

Ọ̀sẹ̀ tí owó kọ́kọ́ já lu Bádé Akíndélé náà ni Wùnmí, àbúrò rẹ̀, yadi. Ọjọ́ Àìkú ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Nàìjíríà ní Point Four, ní Monrovia. Ọmọbìnrin náà gba maikirofóònù láti lé orin ìyìn. Ohùn rẹ̀ ti ń há láti ọjọ́ mélòó kan; ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Pásítọ̀ gbàdúrà títí òógùn fi bò ó. Ìyá wọn káwọ́ lérí lójú gbogbo ìjọ. Bádé wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó ń wo fóònù rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Orin tó gbé síta lánàá ti dé òkè òkun, dọ́là sì ti ń wọlé.

Ọmọ burúkú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí owó náà.

Orin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní dẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlì ni Bádé ń kọ: gìtá líle, ìlù tó ń sáré, akọrin tó ń bú ramúramù bí ẹranko tí wọ́n há mọ́lé. Inú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ló ti ń gbà á sílẹ̀. Ó kan fóòmù mọ́ ògiri, mọ́ òrùlé, mọ́ ilẹ̀kùn, kí ariwo má baà jáde, kí ti ìta má sì wọlé. Àwọn ará ìjọ ní orin Sátánì ni. Irọ́ ni. Orin ò pa ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó ń dun Bádé ni pé ohùn tirẹ̀ tín-ín-rín, kò lè bú, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ.

Ìyẹn ló gbé e dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan ní Gurley Street, lọ́dọ̀ Bàbá Kàmọ́rù, oníṣègùn tó bá àwọn sójà Nàìjíríà, bàbá Bádé pẹ̀lú wọn, dé lásìkò ogun, tó ń se oúnjẹ fún wọn, tí kò sì bá wọn padà sílé. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Ó ń rùn: èéfín àti ẹ̀jẹ̀. Ìkòkò dúdú kan wà láàárín ilẹ̀, nǹkan ń mí nínú rẹ̀.

"Kí lo ń wá, ọmọ sójà?"

"Ohùn ni, Bàbá. Ohùn tí gbogbo world máa gbọ́, tí owó á tẹ̀ lé."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Èmi kì í dá ohùn. Ti ẹlòmíì ni mo máa ń gbà. Ta lẹ jọ mu ọyàn kan náà?"

"Wùnmí. Àmọ́ kò gbọdọ̀ kú o, Bàbá. I beg you, yah."

"Ta ló dárúkọ ikú? Á máa jẹun. Á máa rìn. Ìgbàkígbà tó bá la ẹnu, inú ẹ̀rọ rẹ ni ohùn á ti máa jáde. Ìwọ máa gbà á sílẹ̀, kí o máa tà á. Mú ọwọ́ wá!"

Abẹ la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sínú ìkòkò, ìkòkò lá a bí ajá.

"Ìgbín kì í ké. Ẹja kì í kọrin. Ohùn tó bá já sínú ìkòkò, ọ̀nà ọ̀fun kì í gbà á mọ́. Wùnmí, ìwọ àti ẹja di ẹgbẹ́ kan náà!"

Bádé bì sí ara rẹ̀ lára. Ó nu ẹnu, ó gba ilé lọ.

Láti ọjọ́ náà, tí Wùnmí bá ń sunkún ní ìdáná, ohùn kan á bú ramúramù nínú hẹ́dìfóònù Bádé, òórùn èéfín á sì gba yàrá. Ó mọ̀ pé òórùn ìkòkò ni. Ó ra mọ́tò. Ó ra jẹnerétọ̀ ńlá, ó fa wáyà rẹ̀ gba abẹ́ fóòmù. Lọ́jọ́ kan Wùnmí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọ̀fun mú, ó nawọ́ sókè pé kó bá òun gbàdúrà.

"Má worry, yah," ni Bádé wí. "God go do am." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó tan ẹ̀rọ, ó ń dúró de ẹkún rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan, ìyá wọn lọ tajà ní ELWA Junction. Wùnmí ń fọ aṣọ nígbà tó rí èéfín tó ń yọ lábẹ́ òrùlé yàrá Bádé, níbi tí wáyà jẹnerétọ̀ gbà. Ó sáré débẹ̀. Bádé ti ilẹ̀kùn látinú. Ó lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, fóòmù gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó la ẹnu, ó fi gbogbo agbára pariwo. Kò sí nǹkan kan tó jáde.

Inú etí Bádé ni ohùn náà ti jáde.

"Bádé! Bádé! Iná! Jáde!"

Ó gbóòórùn èéfín, kò kà á sí. Ohùn náà nìkan ló ṣe é ní kàyéfì. Láti kékeré, Wùnmí kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ rí, "Brother mi" ló ń pè é. Ká ní "Brother mi" ló gbọ́ ni, ì bá dìde. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn nígbà tí iná ń jó ọmọ ìyá ẹni?

"Àwọn ará inú ìkòkò ló ń bá mi ṣeré," ló wí. Ó dijú, ó yí ohùn náà sókè.

Fóòmù yọ́ látòkè, ó dà lé e lórí bí epo gbígbóná. Hẹ́dìfóònù yọ́ mọ́ etí rẹ̀. Ó wá ilẹ̀kùn títí nínú òkùnkùn, ògiri fóòmù ló ń dì mú, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì ń bó sí i lára. Ìgbà yẹn ni òun fúnra rẹ̀ tó bú ramúramù, irú ohùn tó ti ń wá kiri. Ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀ títí ẹ̀rọ náà fi jóná.

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò já ilẹ̀kùn, ó ti pẹ́ jù. Wùnmí kúnlẹ̀ nínú eérú. Ẹni tó ta ohùn rẹ̀ ti kú, ìdè ọ̀fun rẹ̀ sì tú. Ohùn rẹ̀ padà, ó mọ́ gaara bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Brother mi!"